Káyótì ń kó ọmọ àgùntàn mi lọ ní Texas: ṣé ajá aṣọ́ran lè gbà mí?

ỌmọÀgbẹ̀_TX

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní ilẹ̀ díẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Houston, mo sì ń sin àgùntàn Katahdin níbẹ̀, irú èyí tí kò ní òwú lára, tó jọ tilé wa. Àwọn ará wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ló máa ń rà wọ́n jù, fún Iléyá àti ìsọmọlórúkọ.

Káyótì ló ń dà mí láàmú báyìí. Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹranko náà jọ ajá, ó sì tún jọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Òru àti ìdájí ló máa ń jáde, ọ̀fun ló sì ti máa ń gbá àgùntàn mú. Láti ìgbà tí àwọn abo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ lọ́dún yìí, oorun ti dá lójú mi. Aládùúgbò mi kan ní kí n ra Great Pyrenees, ajá funfun ńlá kan tó nírun bíi ti kìnnìún. Ẹlòmíì ní kétékété ni kí n rà. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ajá tó tóbi tó báyẹn, àgùntàn mi gan-an ló máa kọ́kọ́ pa jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti lò ó, kó là mí lóye.

Ọdẹ_Ìdànrè

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ lèmi náà. Ẹranko tó bá ti jẹ àgùntàn lẹ́ẹ̀kan, tí kò sí ẹni tó dá a lẹ́kun, yóò padà wá. Wá ojú ọ̀nà tó ń gbà, dẹ pańpẹ́ síbẹ̀, kí o sì lúgọ dè é pẹ̀lú ìbọn. Ajá tó wọn àádọ́ta kílò, tí wàá máa bọ́ láàárọ̀ lálẹ́, gbèsè ni.

BàbáẸlẹ́ran

Ẹ kú ìjíròrò o. Ìtòsí San Angelo ni mo ti ń sin àgùntàn àti ewúrẹ́, ó sì ti pẹ́. Kò sí ìpínlẹ̀ tó ní àgùntàn àti ewúrẹ́ tó Texas ní gbogbo Amẹ́ríkà, nítorí náà kò sí ọgbọ́n tí àwọn ará ibí kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ káyótì.

Ọ̀gá Ọdẹ, mo gbọ́ yín, ìbọn sì ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń yìnbọn fún káyótì ní ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ń dẹ pańpẹ́ fún un, tí wọ́n sì ń fi májèlé sínú ẹran fún un jẹ. Ìdí rẹ̀ kò tu. Lónìí, Hawaii nìkan ni ìpínlẹ̀ tí káyótì kò sí ní Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá pa tọkọtaya tó ń gbé ibì kan, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ibùgbé kiri á wá gba ilẹ̀ náà.

Ní 1972, Ààrẹ Nixon fòfin de lílo májèlé fún àwọn ẹranko apẹran lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbẹ̀ àti àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sí ohun tí àwọn darandaran Ítálì, Tọ́kì àti Spéìn ti ń lò láti ayébáyé. Ray Coppinger àti Lorna ìyàwó rẹ̀, ní Hampshire College ní Massachusetts, kó ajá wá láti Ítálì, Tọ́kì àti Yugoslavia, wọ́n sì pín èyí tó lé ní 1,000 fún àwọn àgbẹ̀, wọ́n wá ń tọpa bí ajá kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe sí. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní a fi ń mọ ajá tó pójú owó. Kò gbọdọ̀ fi agbo sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣe ẹran léṣe. Tí àlejò tàbí ẹranko bá sì yọjú, kó lọ dúró sáàárín òun àti agbo.

Ẹ fi ojú inú wo ìkẹta yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ ajá yìí gbọ́. Mẹ́gádì ni. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ níjà. Iṣẹ́ tó ń ṣe jù ni pé ó ń gbó, ó ń tọ̀ yí ọgbà ká, ó sì ń rìn káàkiri ní gbogbo òru kí òórùn rẹ̀ lè wà níbi gbogbo. Káyótì kì í sábà ju ogún kílò lọ. Tó bá gbọ́ ohùn ajá tó tó ìlọ́po méjì rẹ̀, tó sì gbóòórùn rẹ̀ létí wáyà, ehoro inú igbó á dùn ún jẹ ju àgùntàn rẹ lọ. Ìjà gan-an kì í pọ̀. Ẹ má sì fi wé ajá tó ń da ẹran, irú Border Collie. Ìyẹn máa ń ranjú mọ́ àgùntàn, á máa lé e kiri. Èyí tí à ń sọ yìí kò gbọdọ̀ lé ẹran rárá.

ỌmọÀgbẹ̀_TX

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Kí ni kì í jẹ́ kó pa àgùntàn jẹ wá? Ajá ṣáà ni.

BàbáẸlẹ́ran

Àárín àwọn tó bá dàgbà sí ló máa mọ̀ sí ẹbí rẹ̀. Ọmọ ajá, láti ìgbà tó bá ti lajú títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹni yòówù tó bá ń bá a sùn, tó ń bá a jẹun nígbà yẹn, ẹbí rẹ̀ nìyẹn títí ayé. Ìdí nìyí tí a fi ń mú un sáàárín àgùntàn ní bí ọ̀sẹ̀ méje tàbí mẹ́jọ. Tó bá jẹ́ pé inú pálọ̀ yín ló ti lo ìgbà yẹn, lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ̀yin ló máa fẹ́ ṣọ́, ẹnu ọ̀nà yín ló sì máa jókòó sí.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1833, Charles Darwin rí i ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Uruguay lónìí. Wọ́n á gba ọmọ ajá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní kékeré jòjòló, wọ́n á máa di abo àgùntàn mú kí ó lè mu ọmú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, wọ́n á fi òwú tẹ́ ibùsùn fún un nínú ọgbà àgùntàn, wọn kò sì ní jẹ́ kó bá ajá mìíràn tàbí àwọn ọmọ ilé ṣeré. Wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Tó bá dàgbà, kò ní fẹ́ fi agbo sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni yóò wá sílé wá gba ẹran tirẹ̀, yóò sì padà. Àwa kò fún wọn lọ́mú àgùntàn mọ́, ṣùgbọ́n ìyókù kò yí padà.

Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú: láti oṣù mẹ́fà títí di bí ọdún méjì, ọmọ ajá yìí á ya aláṣejù. Yóò máa lé ọmọ àgùntàn ṣeré, yóò máa họ wọ́n létí jẹ. Eré ni lójú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè pa wọ́n. Inú ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé "ajá yìí kò wúlò", tí wọ́n á lé e lọ tàbí kí wọ́n yìnbọn fún un, bẹ́ẹ̀ ajá náà kò tíì dàgbà ni. Ẹ fi sáàárín àwọn àgbò tàbí àgbà abo tó lè kàn án lóri, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tuntun. Àwọn kan máa ń so igi kan mọ́ ìdè ọrùn rẹ̀ kí ó máa gbá a lẹ́sẹ̀ tó bá fẹ́ sáré. Bá a wí lójú ẹsẹ̀ tó bá ṣe é, kì í ṣe lẹ́yìn náà.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn lára wọn: tí abo bá ń bímọ lọ́wọ́, àgbà ajá á dùbúlẹ̀ sọ́nà jíjìn díẹ̀, á máa wò ó. Tó bá bí tán, ajá á wá jẹ ibi rẹ̀, kò sì ní sí òórùn ẹ̀jẹ̀ tí yóò pe káyótì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ará_Windhoek

Mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Namibia, ẹ jẹ́ kí n fi tibí kún un, torí àpẹẹrẹ tó wà ńlẹ̀ yìí wú mi lórí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Níbí, cheetah ni ọ̀rọ̀ wa, ẹranko alámì dúdú tó jọ ẹkùn, tí kò sí ohun tó lè bá a sáré lórí ilẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ ibí pa wọ́n, wọ́n sì mú wọn kúrò lórí ilẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, torí pé wọ́n ń jẹ ewúrẹ́ àti ọmọ màlúù. Laurie Marker dá Cheetah Conservation Fund sílẹ̀ ní 1990, ìtòsí Otjiwarongo ni ibùdó wọn. Ní 1994 ni wọ́n kó ajá Anatolian Shepherd wọlé láti Amẹ́ríkà, irú tó ti Tọ́kì wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbẹ̀ ní ọmọ wọn.

Ẹ wo ìdí tó fi ṣiṣẹ́. Eré sísá ni cheetah fi ń jẹun. Tó bá fara gbọgbẹ́ lẹ́sẹ̀, ebi ló máa pa á. Nítorí náà kì í fẹ́ ìjà. Ajá ńlá kan á dìde sí i, á gbó, á fi ara rẹ̀ hàn, cheetah á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó gba ajá náà ní àdánù àwọn dín kù ní ìdá 80 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Àgbẹ̀ tí cheetah kò pa ewúrẹ́ rẹ̀ kì í wá ìbọn. Ẹran là, cheetah là. Ọ̀gá Ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ìyẹn wò.

Irun Anatolian kò pọ̀ tó ti Great Pyrenees, ó sì ń fara da oòrùn ibí, níbi tó máa ń tẹ̀ lé ewúrẹ́ lọ jẹko lójoojúmọ́. Kì í ṣe pé kò ní ìyọnu tirẹ̀. Ejò máa ń pa wọ́n, àwọn kan sì máa ń lé ẹtu àti ìgalà kiri tí darandaran kò bá sí nítòsí láti pè wọ́n padà.

Ará_Melbourne

Kì í ṣe àgùntàn nìkan o. Ní Warrnambool ní Australia níbí, erékùṣù kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Middle Island, tí àwọn ẹyẹ penguin ń yé sí. Tí omi bá ti fà, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á rìn kọjá lọ pa wọ́n. Nígbà tó fi di 2005, àwọn ẹyẹ náà kò tó mẹ́wàá mọ́. Àgbẹ̀ kan tó ń fi Maremma, ajá aṣọ́ran ará Ítálì, ṣọ́ adìyẹ rẹ̀ ló mú ìmọ̀ràn wá, wọ́n sì kó ajá lọ síbẹ̀ ní 2006. Àwọn penguin tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i.

ÌyáAlágùntàn_Ìsẹ́yìn

Ẹ kú àkíyèsí o, ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin àgbà. Èmi ń sin àgùntàn nílé wa ní Ìsẹ́yìn. Kò sí káyótì lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ajá ìgboro tí kò lólówó máa ń kóra jọ lóru, wọ́n á ya ọgbà wọlé. Olè náà ń bẹ, pàápàá tí Iléyá bá ń sún mọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, mi ò lè máa jí lóròòru. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé irú ajá yìí lè gbé ilẹ̀ wa? Èkejì, Mùsùlùmí ni wá, wọ́n ní màláíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi.

Àlfá_Abẹ́òkúta

Ìyá wa, àlàáfíà fún yín. Hadíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wà lórí èyí. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ẹni tó bá ń sin ajá, láádá rẹ̀ yóò máa dín kù lójoojúmọ́, àyàfi ajá tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn, tàbí tí wọ́n fi ń ṣọdẹ, tàbí tó ń ṣọ́ oko. Èyí tí ẹ ń béèrè yìí ni wọ́n kọ́kọ́ yọ sílẹ̀. Kí ó máa gbé ọ̀dọ̀ àwọn ẹran ní ọgbà wọn, kó má wọ yàrá tí ẹ ti ń kírun. Abọ́ yín tó bá fẹnu kàn, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje, kí ẹ fi erùpẹ̀ fọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ebi pa á, torí ẹ̀mí ni òun náà.

DókítàẸran

Ìyá, ẹ má ra Great Pyrenees wá sí Ìsẹ́yìn, kódà bí ẹnì kan bá fẹ́ tà á fún yín lọ́pọ̀. Irun onípele méjì ló ní, orí òkè oníyìnyín tó wà láàárín Faransé àti Spéìn ni wọ́n ti wá. Oòrùn oṣù Kejì wa á fìyà jẹ ẹ́ gidi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Àwọn Navajo, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní Arizona àti New Mexico, ajá lásán ni wọ́n fi ń ṣọ́ àgùntàn àti ewúrẹ́ wọn. Ajá àdàlú tí kò ní ìran kan pàtó. Wọ́n á kó ọmọ ajá sínú ọgbà ẹran ní kékeré, ibẹ̀ ló máa dàgbà sí, wọn kì í fi ṣeré jù. Àwọn onímọ̀ lọ wò ó ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ gidi ni àwọn ajá náà ń ṣe. Ajá ilé wa lè ṣe é. Ẹ wá ọmọ ajá tí ìyá rẹ̀ kì í lé adìyẹ àti ewúrẹ́ kiri, ẹ mú un wá ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ fi wáyà pa igun kan nínú ọgbà fún un, níbi tí yóò ti máa rí àgùntàn tọ̀sán-tòru tí wọn kò sì ní tẹ̀ ẹ́ pa. Kò lè bá olè jà bíi Kangal, ajá aṣọ́ran ńlá ti Tọ́kì, ṣùgbọ́n yóò gbó, ẹ̀yin yóò sì jí. Ẹ kọ́ ọ kó má gba oúnjẹ lọ́wọ́ àlejò, torí olè máa ń ju ẹran onímájèlé.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kò ṣeé fojú fò lọ́dọọdún. Ajá tó ń bá ajá ìgboro pàdé lóru wà nínú ewu dìgbòlugi ju ajá ilé lọ, ẹni tí dìgbòlugi bá sì ti fara hàn lára rẹ̀ kì í sábà yè é. Ẹ bá mi sọ èyí fún gbogbo àdúgbò.

Aràn náà ńkọ́? Ẹ má ṣe ju ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ìfun àgùntàn tútù fún ajá lẹ́yìn tí ẹ bá dúńbú. Aràn kan wà tó ń ti inú ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró àgùntàn bọ́ sínú ajá, tí ẹyin rẹ̀ á jáde nínú ìgbẹ́ ajá, tí àgùntàn tàbí ènìyàn á wá gbé mì, á sì di àpò omi sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ bọ ẹran náà jinná kí ẹ tó fún un, kí ẹ sì máa fún un ní oògùn aràn tó ní praziquantel.

ỌmọÀgbẹ̀, ìwọ ní tìrẹ, ẹ̀fọn Houston ni kí o ṣọ́ra fún. Aràn inú ọkàn ajá pọ̀ ní gbogbo etí òkun yẹn, ẹ̀fọn ló sì ń gbé e kiri. Oògùn ìdènà rẹ̀ lóṣooṣù, má jẹ́ kó já. Má sì gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà ooru, irun yẹn ló ń dáàbò bo awọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Òjìji àti omi tútù ló nílò.

Ọdẹ_Ìdànrè

Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Ti Namibia yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: ibi tí ìkookò bá ti ń rìn lágbo ńkọ́? Ajá kan á dojú kọ mẹ́fà?

BàbáẸlẹ́ran

Ọ̀gá Ọdẹ, kò lè dá a ṣe. Ní Tọ́kì, àwọn darandaran agbègbè Sivas máa ń fi ìdè onírin ṣóńṣó sí Kangal lọ́rùn, torí ọ̀fun ni ìkookò máa ń dì mọ́. Ajá wọn kì í sì jẹ́ ẹyọ kan. Ní Faransé, ìkookò rìn padà wọlé fúnra wọn láti Ítálì ní 1992, ní òkè Mercantour, àwọn àgbẹ̀ tí kò tíì rí ìkookò láyé wọn wá ń kó Great Pyrenees sínú agbo. Ó ń gba àgùntàn là lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tó ń gba orí òkè kọjá ń bẹ̀rù ajá náà, ó sì ti bu àwọn mìíràn jẹ. Níbi tí ìkookò bá wà, ajá, darandaran tó ń sun ibẹ̀, àti ọgbà alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ìyẹn mú mi dé ọ̀rọ̀ aládùúgbò. ỌmọÀgbẹ̀, lọ bá àwọn tó múlé tì ọ́ kí ajá tó dé. Ajá yìí yóò gbó lóru, iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò sì sí bí o ṣe lè ní kó dákẹ́. Lójú tirẹ̀, ibi tí ojú rẹ̀ bá ká náà ni ilẹ̀ rẹ. Òfin Texas sì gba ẹni tó ni ẹran ọ̀sìn láàyè láti pa ajá tó bá ń kọlu ẹran rẹ̀, ẹni tó rí ajá ńlá kan lóru láàárín ewúrẹ́ rẹ̀ kò sì ní dúró béèrè ohun tó wá ṣe. Ọ̀nà mọ́tò ń pa wọ́n ju káyótì lọ ní àdúgbò mi. Àwọn àgbà ní ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ara rẹ̀ ló fi bọ Ògún. Great Pyrenees kì í sá fún mọ́tò, ńṣe ló máa dúró gbó o. Wáyà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, pẹ̀lú ìlà oníná kan nísàlẹ̀ àti kan lókè, ni kí o kọ́kọ́ náwó lé. Àwọn Yunifásítì Texas A&M ní ibùdó kan ní San Angelo níbí tó ń ṣèwádìí lórí ajá aṣọ́ran, wọ́n ń so GPS mọ́ wọn lọ́rùn láti mọ ibi tí wọ́n ń rìn dé. Lọ ka ohun tí wọ́n kọ.

Kétékété dára fún ilẹ̀ kékeré, koríko tí àgùntàn ń jẹ náà ló ń jẹ, ó sì kórìíra ohun gbogbo tó bá jọ ajá. Abo tàbí èyí tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ni kí o rà, akọ lè pa ọmọ àgùntàn. Ṣùgbọ́n tí káyótì bá pọ̀, tàbí tí ajá ìgboro bá wá lágbo, kétékété kan kò tó.

ỌmọÀgbẹ̀_TX

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Mo ti rí àgbẹ̀ kan nítòsí tó ń ta ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ mẹ́sàn-án, inú ọgbà ewúrẹ́ ni wọ́n bí i sí. Ó tún ní abo kan tó ti pé ọdún mẹ́ta, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ owó ìyẹn ju ìlọ́po méjì lọ. Èwo ni kí n mú?

BàbáẸlẹ́ran

Mú àgbà. Ọmọ àgùntàn rẹ ti wà nílẹ̀, káyótì sì ti mọ ọ̀nà ilé rẹ. Ọmọ ajá kò lè ṣọ́ nǹkan kan lọ́dún yìí, òun alára nílò ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Tí apá rẹ bá ká a, kó méjèèjì, ọmọ náà á kọ́ṣẹ́ lára àgbà. Kó tó dé, máa kó àwọn abo àti ọmọ wọn sínú ọgbà kékeré nítòsí ilé ní gbogbo alẹ́.

DókítàẸran

Oúnjẹ rẹ̀ náà o: má ṣe gbé e síbi tí àgùntàn lè dé. Kọ́pà tó wà nínú oúnjẹ ajá lè ṣàkóbá fún ẹ̀dọ̀ àgùntàn. Ṣe ihò kékeré kan sára wáyà tí ajá lè gbà wọlé jẹun tí àgùntàn kò lè gbà.

ỌmọÀgbẹ̀_TX

Ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ wo abo náà. Tí mo bá gbé e dé, ṣé kí n kàn tú u sílẹ̀ láàárín wọn?

BàbáẸlẹ́ran

Rárá o. Kì í ṣe òun nìkan ni àlejò, àgùntàn rẹ náà kò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n á tú ká, wọ́n á sì já wáyà. Fi í sínú ọgbà tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, kí wáyà wà láàárín wọn, kí wọ́n máa gbóòórùn ara wọn. Máa bọ́ ọ níbẹ̀ fúnra rẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tó o bá rí i pé àwọn àgùntàn ti ń dùbúlẹ̀ jẹ àpọ̀jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà náà tí wọn kò sì wo ibi tó wà mọ́, tú u sáàárín àwọn àgbà abo lójú rẹ, ní ọ̀sán. Àwọn tó ní ọmọ jòjòló ni kó kàn gbẹ̀yìn. Bóyá á kọ́kọ́ kọ̀ láti jẹun, má bẹ̀rù, àárò ilé rẹ̀ àtijọ́ ló ń sọ ọ́. Kọ̀wé sí wa tó bá dé.